Kọ̀ǹpútà Mi Kò Fẹ́ Kí N Dá Wà

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbí. Ní Agége tí mo ti wá, bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá dákẹ́, ti ilé kẹta á bẹ̀rẹ̀, bí ìyẹn náà bá dákẹ́, ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé ọmọ rẹ̀ lórí. Tìmùtìmù la fi dí fèrèsé yàrá tí mo ti ń ṣe orin níbẹ̀ pa, síbẹ̀, bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa sí orin tí mo ṣe nígbà náà, ẹ máa gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jí ní abúlé yìí, ní ẹ̀gbẹ́ Ikpinlè ní orílẹ̀-èdè Benin, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé etí mi ti di. Àkùkọ kan kọ, ó dákẹ́. Atẹ́gùn fẹ́ sí imọ̀ ọ̀pẹ, òun náà dákẹ́. Mo ní, "Háà! Irú ibí ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí!" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún díẹ̀, torí pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ilé ìsìn wọn. Mo so ó tán, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn akọrin bí wọ́n ṣe ń di máíìkì mú. Mo kọ́ wọn. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, mo rí i pé mi ò fẹ́ lọ mọ́. Bí mo ṣe dèrò ibí nìyẹn, mi ò ní fi ìtàn ọ̀nà yọ yín lẹ́nu.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá lèmi náà ń sọ, síbẹ̀ àlejò paraku ni mí. Iná mànàmáná, kúrán ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà, ọ̀dìnátọ̀. Bí mo bá la ẹnu báyìí, àwọn obìnrin á dákẹ́, wọn á máa wo ẹnu mi, lẹ́yìn náà wọn á bú sẹ́rìn-ín. "Ará Èkó, tún un sọ!" Ní Agége, èmi ni mo máa ń fi àwọn tó bá ti oko dé ṣe yẹ̀yẹ́. Níbí, èmi gan-an wá di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì tọ́ sí mi.

Ìyá Onílé ló fún mi ní yàrá. Opó ni. Eékún rẹ̀ kò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, nítorí náà ẹnu rẹ̀ ló fi ń rìn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá yẹn tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ sí. Lọ́jọ́ tí mo gbé kọ̀ǹpútà mi wọlé, ó bi mí pé, "Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹun nínú ẹ̀ nìyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Kò hàn lára ẹ." Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé àkàsà àti ọbẹ̀ wá fún mi láìsọ̀rọ̀.

Mo máa ń pe ilé ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Màámi ló máa ń kọ́kọ́ gba fóònù.

"Kí lo jẹ?"

"Àkàsà ni mo jẹ, mà."

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀kọ ni, mà."

"Kí ló wá dé tí o ò pè é ní ẹ̀kọ? Ṣé wọ́n ti gba ẹnu ẹ ni?"

Lẹ́yìn Màámi, bọ̀ọ̀dá mi á gbà á. Ó ní ilé iṣẹ́ blọ́ọ̀kù, èèyàn dáadáa sì ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Gbọ́ mi. Ọjọ́ ń lọ. O ní orin lò ń ṣe níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ orin kankan. Tí ìkórè ìjọ yín bá dé, tí o ò bá ní nǹkan tí o lè fi sétí mi kí n gbọ́, dìde kí o máa bọ̀. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹ lọ́dọ̀ mi." Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo lọ bá ẹgbẹ́ akọrin obìnrin, mo ní ẹ jẹ́ ká ká gbogbo orin ìkórè yín sílẹ̀, ká ṣe é bí orin gidi, kí àwọn ìjọ tó bá wá bá yín dáwọ̀ọ́ ìdùnnú lè gbé e lọ sílé. Wọ́n pariwo ayọ̀. Báyìí ni mo ṣe fi ọwọ́ ara mi so ìgbé ayé mi níbí mọ́ àwo orin kan ṣoṣo yẹn. Tí ó bá jáde, mo dúró. Tí kò bá jáde, mo di oníblọ́ọ̀kù.

Ẹ wá wo àwọn obìnrin yìí bí wọ́n ṣe ń wọ yàrá mi. Nítorí pé orin Ọlọ́run ni a fẹ́ kọ níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà sílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ ilé ìsìn, wọn á sì tún gèlè funfun wọn wé. Èmi tí mo ń gbé inú yàrá náà wá di ẹni tí ń bọ́ bàtà wọ yàrá ara rẹ̀. Ìyá Dòsú ló ń ṣíwájú orin. Obìnrin gígùn, alákàsà ni ní ọjà, ohùn rẹ̀ sì lágbára débi pé mo ní kó dúró sí ẹnu ọ̀nà kí máíìkì má baà bẹ́. Ó ní, "Ṣé kí n máa bọ̀ láti ilé mi ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ orin, mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Orí mi wú.

A ká ohùn wọn sílẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tó ku èmi àti ètò tí mo fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà náà, tí mo fẹ́ da gbogbo ohùn wọ̀nyẹn pọ̀ kí wọ́n bára mu, ìyẹn ohun tí àwa oníṣẹ́ náà ń pè ní míìsì, nígbà náà ni ìyọnu dé. Mo fi hẹ́dífóònù bo etí, mò ń ṣe é jẹ́jẹ́, àfi bí ohùn Ìyá Dòsú ṣe ta kókó, "aaaa" bí ewúrẹ́, ètò náà gan, ó sì pa ara rẹ̀ dé. Ohun tí mo ti ṣe láti àárọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà náà kò kú o. Ó wà láàyè, ó ń wò mí. Níbí ni mo ti rà á, nítorí náà èdè Faransé ló fi kọ ọ́ sí mi lójú pé ètò náà ti dúró, bí ẹni pé mi ò rí i.

Mo gbà pé ètò náà ló ń ṣàìsàn. Iṣẹ́ orin ni mo mọ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn àfikún kéékèèké tí a ń kó sínú rẹ̀ láti fi adùn sí ohùn, wọ́n lè bára wọn jà. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Nígbà tí àwọn obìnrin tún wá, a ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ètò náà kò gan rárá. Mo ní mo ti rí i mú! Ọjọ́ kan tẹ̀ lé e, wọn ò wá, mo jókòó nìkan láti míìsì, ó tún gan. Mo pa ètò náà rẹ́, mo tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà látilẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo tú ikùn kọ̀ǹpútà, èèrà jáde níbẹ̀ bí ẹni ń ṣílé, mo ní ẹ̀yin lẹ̀ ń bà mí jẹ́! Mo gbá wọn dànù, mo gbá eruku dànù. Àwọn obìnrin wá, ó ṣe dáadáa. Wọn ò wá, mo dá jókòó, ó gan.

Ìyá Onílé jókòó síta níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Mo ti mọ ohun tó ń ṣe ọ̀dìnátọ̀ ẹ."

"Kí ni, Màmá?"

"Kò fẹ́ kí o dá wà. Tí àwọn obìnrin bá wà níbẹ̀, pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe. Tí ó bá ku ìwọ nìkan, á bínú kú. Lọ fẹ́yàwó."

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tí mo padà wọlé, ọ̀rọ̀ yẹn kò lọ lára mi. Ó dùn mí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an lèmi náà ṣe rí. Tí àwọn obìnrin yẹn bá wà nínú yàrá, tí bàtà wọn bá tò sí ẹnu ọ̀nà, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Tí wọ́n bá lọ, tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni ìkẹyìn lójú ọ̀nà oko, màá kàn jókòó, màá máa wo ògiri. Mo máa ń wá orúkọ ara mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbí, mi ò rí i. Ará Èkó ni gbogbo wọn ń pè mí. Wọn ò fi ṣe ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi ibi tó ti wá pè, ó dà bíi pé wọ́n ń retí ọjọ́ tó máa padà.

A ká orin tán, àwọn obìnrin kò nílò láti máa wá mọ́, míìsì nìkan ló kù. Ìkórè sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà yìí ni ọ̀rọ̀ náà wá dojú rú pátápátá. Mò ń míìsì lójoojúmọ́, èmi nìkan, kò sì gan! Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Lọ́jọ́ Túsìdeè ó gan. Mo tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ó dára, Sátidé dé, ó gan. Mo ní ó dáa, màá sinmi ní Túsìdeè tó ń bọ̀. Mo sinmi. Wẹ́sìdeè ló gan. Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn, mi ò rí orí rẹ̀, mi ò rí ìdí rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi pè, ó ní, "Báwo ni orin yẹn?" Mo ní ó ń lọ. Ó ní, "Ó ń lọ síbo?" Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun ti ní kí wọ́n kun yàrá kan fún mi. Pẹ̀lẹ́ tó fi sọ ọ́ yẹn ló pa mí lára jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ mi jọ.

Ìyá Dòsú ló wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní ìlà kan wà nínú orin kẹta tí òun kò fẹ́ràn bí òun ṣe kọ ọ́, òun fẹ́ gbọ́ ọ bóyá kí òun tún un kọ. Mo ní, "Ẹ jókòó, mà." Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Fáànù kékeré mi ń fẹ́ sí i lójú. Mo fi hẹ́dífóònù bo etí kan, mo ń wá ìlà náà fún un, ètò náà gan. Pọ́ọ́! Mo fọwọ́ lu tábìlì. Mo yíjú láti bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, mo rí i pé kì í ṣe èmi ló ń wò. Fáànù ló ń wò.

Ó ní, "Ẹn-ẹ́n, wọ́n ti tan án. Ó máa tó kan tèmi. Jẹ́ kí n máa lọ."

Mo ní, "Wọ́n ti tan kí ni, mà?"

"Ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo. Ṣé o ò rí fáànù ẹ bó ṣe fẹ́ dákú ni? Gbogbo kúrán abúlé yìí ló máa ń mì tí wọ́n bá tan ńlá náà."

Mo yọ hẹ́dífóònù. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tan án?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò gbádùn. "Ojoojúmọ́ kẹ̀? Kékeré ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́, epo nìyẹn ń mu. Ọ̀la kọ́ lọjà ni? Gbogbo wa la ó lọ àgbàdo lónìí. Báwo la ṣe fẹ́ se àkàsà tí a ó gbé dé ọjà?"

Mo dìde dúró, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ọjọ́ tí ọjà bá ku ọ̀la! Ọjọ́ tí wọn kì í wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn! Ìdí nìyẹn tí yàrá mi fi ń ṣófo, wọ́n wà ní ìdí ẹ̀rọ. Èmi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà rí, torí pé ìparí abúlé ló wà, lẹ́yìn ọgbà ọ̀pẹ, etí mi sì máa ń wà nínú hẹ́dífóònù. Ọjà wọn kò mọ Túsìdeè, kò mọ Sátidé. Ọ̀rúnọ̀rún ni wọ́n ń ná an, nítorí náà lórí ọ̀sẹ̀ tèmi, ńṣe ló ń fò kiri. Inú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni mo ti ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Èmi ti ń gbé Ikpinlè, ọjọ́ mi ṣì ń gbé Agége.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ "mo ti rí i mú" tó ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ojú ti ń tì mí. Mo ní mi ò ní gbà á gbọ́ àfi tí mo bá dán an wò. Mo tan ètò náà padà, mo jẹ́ kí orin máa lọ, mo pe Ìyá Onílé wọlé, mo ní, "Màmá, ẹ bá mi wo ojú kọ̀ǹpútà yìí. Ìlà yìí ń rìn, ṣé ẹ rí i? Tí ó bá dúró, ẹ pariwo sí mi lórí fóònù." Ó ní, "Iṣẹ́ tó le jù nìyí?" Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga mi, ó gbé fóònù sí etí. Èmi àti Ìyá Dòsú gun alùpùpù lọ sí ìdí ẹ̀rọ.

Àwọn obìnrin kún ibẹ̀, pẹ̀lú báàfù àgbàdo rírẹ. Mo kí Bàbá Ẹlẹ́rọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á, kó sì tún un tan. Ó ní ṣé orí mi pé? Ìyá Dòsú dá sí i, ó ní, "Ẹ bá wa ṣe é, orin wa ló wà níbẹ̀." Ó pa á. Ibẹ̀ dákẹ́. Mo jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta. Ìyá Onílé ń sọ pé, "Ó ń rìn. Ó ń rìn. Ìlà yín yìí ò já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń rìn." Mo juwọ́ sí Bàbá Ẹlẹ́rọ. Ó tan ńlá náà, ilẹ̀ mì.

"Ó ti kú!" Ìyá Onílé ké nínú fóònù. "Ó ti kú o!"

Mo fò sókè. Mo jó. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbé báàfù rẹ̀ sílẹ̀, ó ké, "Yéè! Ta ló kú?" Ìyá Dòsú ní, "Ètò orin Ará Èkó ni." Obìnrin náà wo bí mo ṣe ń jó, ó ní, "Ó sì ń dùn mọ́ ọn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbàgbé ẹni tó kàn láti lọ àgbàdo. Bàbá Ẹlẹ́rọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún un pa, ó tún un tan, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá Onílé tún ké pé kò tíì jí tí wọ́n tún fi ń pa á.

Lẹ́yìn ìyẹn ó rọrùn. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi, òun ló ń gba ohùn wọlé tó sì ń gbé e jáde. Tí kúrán bá mì, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ń rọ́jú, àmọ́ àpótí yẹn á kú, á sì jí ní ìṣẹ́jú àáyá. Ètò orin á wá a, kò ní rí i, á gan. Ètò tí mo ti ń bú látọjọ́ yìí kò jẹ̀bi ohunkóhun. Mo ra bátìrì alùpùpù lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo so àpótí náà mọ́ ọn, ó di pé kúrán kò kàn án mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìlọ-àgbàdo tún pé, mo jókòó, mò ń wo fáànù. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ dákú, ó tún gbéra. Ìlà náà ń rìn. Mo ké sí Ìyá Onílé, "Màmá, kò kú!" Ó dáhùn láti ìta pé, "Ẹn, o ṣì máa fẹ́yàwó ṣá."

Ọjọ́ Ìkórè, orin náà ló ń dún nígbà tí àwọn àlejò ń wọlé. Ìyá Dòsú dúró nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti òkè ilé ìsìn. Kò jó bí àwọn yòókù. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó rí mi, ó pè mí ní orúkọ mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.

Mo pe ilé láti abẹ́ ọ̀pẹ, lẹ́yìn ìsìn. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fetí sílẹ̀," mo fi orin kẹta sí i. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Tún un fi sí i."

Mo tún un fi sí i.

Ó ní, "Mi ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kankan níbẹ̀."

"Kò sí níbí, sà."

"Mi ò gbọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ta búrẹ́dì. Ó dáa. Màá fi ẹlòmíràn sínú yàrá yẹn. Màámi fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

Màámi gba fóònù, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni obìnrin tó ń kọrin yẹn, ṣé ó ti lọ́kọ? Mo ní ó ti lọ́kọ, mà, ó tiẹ̀ ti lọ́mọ-ọmọ. Ó ní, "Ìgbà wo lo máa wá kí wa?"

Mo ní, "Tí wọ́n bá ti ná ọjà tó ń bọ̀ yìí tán, mà, ọjọ́ kejì ẹ̀ ni mo máa gbéra."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, mà." Mo fi fóònù há abẹ́ àgbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́, kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń pè é ní Agége.